Ẹrù Tó Fúyẹ́ Jù fún Orí Ìyá Mi

Nígbà tí mo ń kó ẹrù ní gáà Parakou, ibùdókọ̀ tí ojú irin parí sí, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ ẹrù tó mi. Kì í ṣe pé mo ń yin ara mi o, òótọ́ ni mo ń sọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti Kùtọnu dé, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, màá kàn fi àtẹ́lẹwọ́ ti àpò lẹ́ẹ̀kan ni, màá ti sọ bóyá ẹnì kan ló máa gbé e tàbí ẹni méjì, bóyá orí ló máa gbà tàbí èjìká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á kọ́kọ́ jiyàn, wọ́n á gbé e wò, wọ́n á gbà fún mi. Ilé ìwé kọ́ ló kọ́ mi. Èyí tí mo lọ kò pẹ́. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi mọ Yorùbá kà, Faransé tí mo sì gbọ́ kò ju gbé e, sọ ọ́ kalẹ̀, rọra ṣe é. Síbẹ̀ èmi náà ni mo kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Ẹrù tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nírọ̀lẹ́ báyìí, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹrù kan ṣoṣo ló máa ń padà wá sí mi lọ́kàn: apẹ̀rẹ̀ kan tí mo dì fún ìyá mi nígbà tí èmi àti òun fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ rin orí òkè Àtàkórà.

Ará Ṣábẹ̀ ni wá. Iṣẹ́ ojú irin ló gbé bàbá mi wá sí Parakou, ibẹ̀ ló kú sí, ìyá mi kò sì padà sílé mọ́. Títírù, àdúgbò kan níbẹ̀, là ń gbé. Ìyá mi ń tajà, kì í ṣe ọjà ìjókòó. Lọ́dọọdún, á di ẹrù rẹ̀, á wọ kámíọ̀n dé Jugu, á tún wọ òmíràn títí dé ẹsẹ̀ òkè, ibẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ sì parí sí fún un. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Á gbé iyọ̀ àti abọ́ tánganran sórí, á máa gba ẹ̀yìn òkè kan bọ́ sí òmíràn, abúlé dé abúlé. Ìyá Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ó pọ̀n mí, ó sì ru ẹrù rẹ̀ sókè orí, àwa méjèèjì la jọ lọ. Kò sẹ́ni tó rí i kó fọwọ́ di ẹrù mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ kí àna. Bí ó bá ti yọ láti ọ̀nà jíjìn, ìrìn yẹn ni èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní abúlé tó wà lókè pátápátá, ó ní ọ̀rẹ́ kan. Èdè òkè lobìnrin náà ń sọ, Ṣábẹ̀ ni ìyá mi ń sọ, Dèǹdì ọjà tí àwọn méjèèjì gbọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Dèǹdì yẹn, arọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀ wọ́n fi sọ̀rọ̀ ikú ọkọ, wọ́n fi sọ̀rọ̀ ọmọ tí kò dúró, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi tí mo gbọ́ Dèǹdì dáadáa, n kò rí ẹni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ẹ̀yìn dá ìyá mi dúró. Àsíá tuntun ti gòkè nígbà yẹn, ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo ènìyàn ń sọ ibi tí orílẹ̀-èdè ń lọ, ìyá mi nìkan ni kò lọ síbì kankan. Òjò kan lọ, òjò mìíràn dé, ó jókòó sí ojúde Títírù, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ọkùnrin kan tó ń lọ ra ẹ̀pà lókè ló mú ìròyìn wá. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rẹ́ yín lókè ní kí n kí yín. Ojú rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ṣì ń rí òjìji."

Ìyá mi ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ó wá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Mo ń lọ," ó ní. "Mo fẹ́ kó rí mi kí ojú náà tó kú tán."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ń bọ̀ pẹ̀lú mi."

Mo ní kò burú, màá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, màá bá a lọ, màá sì ru gbogbo ẹrù. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Obìnrin yẹn kò rí mi rí láìsí ẹrù lórí. Òjìji ló kù tó ń rí. Bí mo bá yọ sí i lórí òfìfo, òjìji ta ni kó pè mí?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan èmi nìyí. Ìyá mi gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, kí ẹrù wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má sì dá a dúró lọ́nà. Ta ló tún lè dì í bí kò ṣe èmi?

Mo ní kó kó gbogbo ohun tó fẹ́ gbé jáde sí ojúde. Ó kó o jáde. Abọ́ tánganran ńlá tó fi ń ru ẹrù, àpò iyọ̀, ìkòkò irin, fìtílà, àpótí ìjókòó, aṣọ ìbora tó nípọn, ìwé orin, àti ọmọ ọlọ. Àlájì tó ń ta obì lọ́jà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Kì í jẹ́ kí nǹkan báyìí fò ó.

"Ṣé ilé lẹ ń kó ni, Ìyá?" mo bi í.

"Òkè ni mo ń lọ. Òkè kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé."

Mo fi òfin kan lélẹ̀: ohun tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ méjì, kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, orí mi ló gbé e wá. Abọ́ tánganran, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi apẹ̀rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n hun fẹ́lẹ́. Aṣọ ìbora, mo mú èyí tó fúyẹ́: lọ́sàn-án a máa ká a ní òṣùká sórí, lálẹ́ a máa tú u fi bora. Ìkòkò irin kúrò, agolo kan ló wọlé, òun la ó fi sebẹ̀, òun la ó fi bu omi mu. Akẹtẹ̀ Fúlàní tó gbòòrò, ó ń gba òjò, ó ń gba oòrùn, a tún lè fi fẹ́ iná. Rọ́bà kan tó ti ya lára èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ní gáà, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ sùn, bí òjò bá dé a fi bo ọjà. Omi, kèrègbè ni, ta ló ń gbé irin kiri nítorí omi? Oúnjẹ, gàrí, kúlíkúlí, àti wàràgáṣì tí wọ́n ti dín gbẹ, tí kò ní bàjẹ́ lọ́nà.

"Àpótí ìjókòó ńkọ́?" ìyá mi ní.

"Òkúta kún orí òkè. Ẹ jókòó lé e."

"Ìwé orin ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ kò mọ̀ ọ́n kà."

"Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Òun mọ̀ mí."

Àlájì ní, "Iṣẹ́ kejì rẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ kó lọ." Mo jẹ́ kó lọ.

A dé orí iyọ̀. Iyọ̀ wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rọ́pò rẹ̀, àti ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí odindi abúlé kan máa rà kò wúwo lọ́wọ́ rárá. Ìyá mi kàn ní, "Ìyá Oníyọ̀ láìsí iyọ̀," ó sì gbójú kúrò.

Ó wá ku ọmọ ọlọ. Òkúta dúdú ni, ó ti dán, ó kún ọwọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní èyí," ìyá mi ní. "Òun ni mo fi lọ ọkà tí o ń mu nígbà tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ, tí o kò gba nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ kó fọwọ́ kàn án."

"Ìyá, ta ló ń ru òkúta lọ sórí òkè?"

Àlájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹni tó bá ru òkúta lọ sórí òkè," ó ní, "á pọn omi lọ sódò."

Ìyá mi gbé ọmọ ọlọ padà sídìí ààrò rẹ̀. Ìyá mi, bó bá dákẹ́, ó gbọ́ ohun tí o sọ ni. Kò túmọ̀ sí pé ó gbà.

Nígbà tí mo dì í tán, ìka kan ṣoṣo ni mo fi gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè. Mo gbé e fún Àlájì kó wò ó. Ó gbé e, ó gbé e sókè sódò. "Ó fúyẹ́ bí ìlérí ọ̀dọ́mọkùnrin," ó ní. Mo gbà á bí ìyìn.

Ẹrù tèmi, mo rán an fúnra mi láti inú àpò ìyẹ̀fun, mo fi okùn aṣọ méjì sí i kí n lè gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ti sójà. Ìyá mi kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

"O ń pọn ẹrù?" ó ní. "Ẹrù kì í ṣe ọmọ."

"Ọwọ́ mi á ṣófo, Ìyá."

"Ó dáa. Bó bá sunkún, fún un lọ́mú."

Àwọn ará òkè pàápàá fi mí rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo abúlé tí a dé, ẹnì kan á yọjú sí ẹ̀yìn mi wò bóyá lóòótọ́ ni ọmọ wà níbẹ̀.

A bọ́ sílẹ̀ nínú kámíọ̀n ní ẹsẹ̀ òkè. Òjò ti wẹ ọ̀nà nù, koríko ti ga, gbogbo òkè ti di àwọ̀ ewé, ìkùukùu wà ní góńgó rẹ̀ bí ẹni tó wé gèlè. Mo rántí òórùn ibẹ̀ títí dòní, ilẹ̀ tútù àti èéfín igi. Mo ká òṣùká, mo gbé apẹ̀rẹ̀ lé ìyá mi lórí, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ohun tí mo yàn kò dójú tì mí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òjò kan kò bá ọjà wa. Agolo se gbogbo ohun tí a ní kó sè. Ẹ̀yìn ìyá mi kò dùn ún. Bí a bá dé abúlé, abẹ́rẹ́ ń tà bí àkàrà gbígbóná, èmi á sì wo ìyá mi, màá ní, "Ṣé ẹ rí i?" Á ní, "Mo rí i."

Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ìrìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ni. Ó ń rìn bí ẹni tó ń rin orí igi afárá. Ọrùn rẹ̀ ń wá ẹrù náà kiri. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, apẹ̀rẹ̀ á yí díẹ̀, òun náà á yí tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó di ẹrù mú. N kò tíì rí i rí láyé mi. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e. Ìyá mi, Ìyá Oníyọ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè bí ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní omi pípọn.

A dé ẹ̀yìn òkè tó ṣẹ́kù ká tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Ó kàn gba apẹ̀rẹ̀ náà lórí rẹ̀ ni, ó gbé e sọ sínú koríko. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká. A bẹ̀rẹ̀, à ń ṣa á, òun lápá kan, èmi lápá kejì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpáta.

"Ọrùn mi kò mọ ohun tó ń ṣe," ó ní. "Ẹrù yìí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó dà bíi pé mo ń rìn lójú ọ̀nà tí n kò wọṣọ."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e, Ìyá. Abúlé náà ti wà níwájú wa yẹn."

"Bí o bá gbé e, ìwọ ló máa rí. Bí mo bá sì di í mú báyìí wọlé, á rí obìnrin kan tó gbọ́wọ́ sókè. Á bi àwọn ará ilé pé ta nìyẹn." Ó fi ìka gbọn ìlẹ̀kẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo ọ̀nà tí mo rìn, nítorí kí wọ́n lè sọ fún un pé èmi ni? Àtẹnudẹ́nu ti dé Títírù bá mi kí n tó gbéra."

Ìgbà yẹn ni nǹkan tí mo mọ̀ láti gáà wá sí mi lórí. Ẹrù tí kò níwọ̀n kì í jókòó. Àpò òwú ló ń bọ́ lórí àwa aláàárù jù, àpò sìmẹ́ńtì kì í bọ́ bọ̀rọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkúta.

Ẹ má rò pé òkúta kan ni mo kàn gbé. Mo yan òkúta. Èyí tó yípo, mo jù ú nù, á máa yí kiri nínú apẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó, á ya apẹ̀rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń wọn àpò. Mo ń wá èyí tí ọrùn rẹ̀ á mọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní gbọ́. Mo rí i: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúdú, omi ti fọ̀ ọ́ títí ó fi dán. Mo fi rọ́bà wé e, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo kó ọjà lé e.

Ìyá mi ń wò mí láti orí àpáta.

"Òkúta tó mọ ilé wa ni o kọ̀," ó ní. "O wá ń bá àjèjì òkúta ṣọ̀rẹ́."

"Ìyá, òkúta yẹn kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ tó báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àlájì ń gbọ́ ọ láti Títírù."

Mo gbé ẹrù lé e lórí. Ó dúró díẹ̀, ó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ gbà á. Ó rìn díẹ̀. Ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀. Ó tún rìn. Ọwọ́ kejì sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín, jù sọ́hùn-ún. Ó kọjá lára mi, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, tó ń lọ nínú koríko gíga, ara mi sì sọ fún mi pé mo mọ ẹ̀yìn yìí kí n tó mọ nǹkan mìíràn láyé.

Ilé àwọn ará ibẹ̀, amọ̀ ni, ó ga bí ilé ìṣọ́, wọ́n sì ń sá ọkà sórí òrùlé rẹ̀ tó tẹ́jú. Orí òrùlé yẹn lọ̀rẹ́ ìyá mi jókòó sí. Oòrùn wà lẹ́yìn wa. A ṣì jìnnà, kò tíì sí ẹni tó kí wa, ajá pàápàá kò tíì gbó, nígbà tí obìnrin náà dìde dúró. Ó na ọrùn. Ó wá fi Dèǹdì tó yarọ yẹn ké sí wa láti òkè lọ́hùn-ún.

"Oníyọ̀. O pẹ́."

Ìyá mi kò dúró, kò sáré. "Ẹ̀yìn ló dá mi dúró," ó ní.

"Ẹ̀yìn tìrẹ, ojú tèmi. Fòfó," ó kí i káàbọ̀. "Máa bọ̀."

Wọ́n ràn án lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú ìyá mi, ó yí i sí oòrùn, ó wò ó pẹ́. N kò mọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, bíi pé wọ́n ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ láti bu iyọ̀ tọ́ wò. Ọwọ́ rẹ̀ kan òkúta. Ó fọwọ́ pa á lára, ó gbé e wò, ó gbé ojú sókè.

"Oníyọ̀, irú iyọ̀ wo ló le tó báyìí?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó nàka sí mi. "Ọmọ tí mo fi ọmọ ọlọ rẹ lọ ọkà fún nìyẹn. Òun ló ní kí n gbé òkúta wá fún ẹ lórí òkè." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìyẹ̀fun mi lẹ́yìn, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ní Dèǹdì, omi ń bọ́ lójú wọn, ojú tó ń ríran àti èyí tí kò ríran mọ́.

Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán ni ìyá mi tú kókó kan ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Iyọ̀ wà nínú kókó náà. Ó ti so ó mọ́ ìdí láti Títírù, èmi tí mo wọn gbogbo ẹrù, ó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Ó bù díẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láhọ́n.

Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ra abẹ́rẹ́ tán, obìnrin náà sì da ọkà bàbà kún apẹ̀rẹ̀ wa. Mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n: ó tó, kò pọ̀ jù. Mo fẹ́ ju òkúta nù.

"Fi í sílẹ̀ níbí," ọ̀rẹ́ ìyá mi ní. Ó ní kí n gbé e sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, lápá ibi tó máa ń jókòó. "Bí ojú bá kú tán, ọwọ́ á máa rí i."

Mo gbé e síbẹ̀. Ìyá mi kò tún gun òkè yẹn mọ́, kò sì sọ pé òun fẹ́ lọ mọ́. Ó dàgbà sí ojúde Títírù, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, ọmọ ọlọ rẹ̀ nídìí ààrò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ báyìí. Ọmọ ọlọ náà wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ata ló fi ń lọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó ẹrù lónìí ní kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀, wọ́n rò pé kí nǹkan ṣáà ti fúyẹ́ ni. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló máa rù ú. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti yan ẹrù fún kámíọ̀n, mo ti yàn án fún ọkọ̀ ojú irin, kò sì sí èyí tó bọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun òkè yẹn, tí ẹ rí ilé amọ̀ kan tí òkúta odò pẹrẹsẹ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí odò kò kọjá, ẹ má bi ẹnikẹ́ni bó ṣe dé ibẹ̀. Èmi ni mo yàn án.